Àkọ́rọ̀ Òjò Kì Í Ṣe Òjò: Bí Ẹlẹ́fọ̀ọ́ àti Eléso Òṣogbo Ṣe Lè La Oṣù Kẹta sí Oṣù Kẹfà Kọjá

Ọdún àkọ́kọ́ tí mo dá oko ẹ̀fọ́ sí àkùrọ̀ létí odò Ọ̀ṣun, lọ́nà Gbódòfọ̀n, òjò ńlá kan rọ̀ nígbà tí oṣù kejì ń parí lọ. Ó rọ̀ débi pé omi ń ṣàn lójú títì, àwọn ọmọdé ń sáré kiri nínú ẹ̀, èsúnsún sì bo gílóòbù iná ilé wa lálẹ́ ọjọ́ náà. Inú mi dùn. Ẹ̀rọ tí mo fi ń fa omi, tí mo yá lọ́wọ́ ará àdúgbò kan, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí mo ti dá a padà. Mo hú ọmọ ata rodo tó wà ní nọ́sìrì, ibi tí mo ti ń tọ́ ọmọ irúgbìn, mo tún un gbìn sórí bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta. Òjò tó máa tẹ̀ lé e, ó di ọjọ́ kọkàndínlógún kó tó dé. Ní ọjọ́ kẹwàá, ewé ata mi ti wọ́ mọ́ra bí ìwé tí wọ́n fi di ẹ̀pà. Ìyá kan tó ní bẹ́ẹ̀dì ewédú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń pọn omi tiẹ̀ lọ ní tiẹ̀. Ó wò mí títí, ó ní, "Ọmọ mi, a kì í torí òjò ṣú da omi àmù nù." Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré. Mi ò mọ̀ pé oko ata ni wọ́n ń bá wí.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń kọ nǹkan sílẹ̀ lọ́dọọdún, ohun tó wà nínú ìwé náà ni mo fẹ́ tò fún yín níbí. Nígbà tí àgbẹ̀ ilẹ̀ òyìnbó bá ń bẹ̀rù kí òtútù ìparí má pa òdòdó igi èso òun, àwa níhìn-ín ń bọ́ láti inú ẹ̀ẹ̀rùn sínú òjò. Ìrékọjá kan náà ni, ewu inú rẹ̀ ló yàtọ̀. Tiwa ni òjò tó rọ̀ tó tún dá, ìjì, ooru òru, àti omi tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tó bá wá dé pátápátá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀run. Afẹ́fẹ́ méjì ló ń bá ara wọn fà á lórí wa lásìkò yìí. Ọ̀kan gbẹ, ọ̀nà aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń bọ̀, òun ló ń gbé ọyẹ́ wá. Èkejì lọ́rinrin, orí òkun ló ti ń fẹ́ bọ̀. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé máa ń sún láti etí òkun lọ sí òkè ọya díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sún lọ taara: ó lè dé ọ̀dọ̀ wa lónìí, kó tún fà sẹ́yìn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìdí nìyẹn tí òjò fi máa ń tètè bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ju Ìbàdàn lọ, tí Ìbàdàn náà sì máa ń ṣáájú wa. Tí àbúrò yín bá pè láti Èkó pé òjò ti ń rọ̀ lójoojúmọ́, ẹ kí i kú ọ̀rinrin, kí ẹ má tìtorí ẹ̀ gbé ọkọ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wọn òjò, ẹ má kàn wò ó

Ẹ wá agolo tí ìdí rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bákan náà, irú agolo mílíìkì ńlá. Ẹ gbé e sórí òpó kúkúrú kan ní gbangba oko, níbi tí ẹ̀ka igi tàbí etí òrùlé ò ti bò ó, ẹ fi wáyà dè é kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ. Lẹ́yìn òjò, ẹ ti rúlà bọ inú rẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà kan túmọ̀ sí mìlímítà 10 òjò. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, ẹ da omi náà nù, ẹ gbé agolo padà.

Ìṣirò tó wà nídìí ẹ̀ rọrùn: òjò mìlímítà kan jẹ́ omi lítà kan lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó. Bẹ́ẹ̀dì mi gùn ní mítà 10, ó fẹ̀ ní mítà 1.2. Tí òjò mìlímítà 10 bá rọ̀, lítà 120 ló bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì kan, ìyẹn garawa oní-lítà 10 méjìlá. Ẹ wá wò ó báyìí: nínú oòrùn oṣù kẹta, bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́ tó ti kún dáadáa lè gba garawa mẹ́fà lójúmọ́. Òjò tó pariwo tó bẹ́ẹ̀, tó ṣí páànù, tó sọ gbogbo àdúgbò sínú òkùnkùn, omi ọjọ́ méjì péré ló gbé wá fún ẹ̀fọ́. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ṣe ìṣirò yìí ni mo tó mọ bí òjò ṣe ń tan èèyàn.

Òdiwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ sábà máa ń lò ni pé kí òjò tó mìlímítà 20 rọ̀ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, kí ó má sì sí ọ̀dá gígùn tó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ dáadáa láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó tẹ̀ lé e. Apá àkọ́kọ́ yẹn, agolo yín á sọ ọ́. Apá kejì, ó di kí ẹ dúró. Nítorí náà, ẹ fi àdá wa ilẹ̀ lọ́jọ́ kejì òjò, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15, bí ìka àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá tí ẹ nà tán. Ẹ bu yẹ̀pẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ fún un mọ́wọ́. Tó bá dì tí kò fọ́ nígbà tí ẹ la ọwọ́, omi ti wọlé. Tó bá tú dànù bí gààrí, òjò kàn lá awọ ilẹ̀ lásán ni.

NiMet, àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò ọdún jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń fi ìgbà tí wọ́n retí kí òjò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó máa dáwọ́ dúró sí i. Ẹ wá a, ó wúlò fún ètò, pàápàá láti mọ ìgbà tó yẹ kí irúgbìn wọ nọ́sìrì. Ojú ọjọ́ orí fóònù náà dáa fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ inú oko yín bí agolo yẹn ṣe mọ̀ ọ́n. Mo ti rí òjò tó rọ̀ ní Òkè-Fíà tí Ayétòrò ò rí ìkán omi kan.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yí bẹ́ẹ̀dì padà kó tó pọn dandan

Bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ẹ̀rùn àti ti òjò kì í ṣe ọmọ ìyá. Lẹ́ẹ̀rùn, àárín bẹ́ẹ̀dì la máa ń jẹ́ kó rẹlẹ̀, kí etí rẹ̀ ga, kí omi tí a bá bù lé e má sá lọ. Bẹ́ẹ̀dì yẹn gan-an ló máa di odò kékeré nínú oṣù karùn-ún. Àṣìṣe tí mo ń rí lọ́dọọdún ni pé àwọn èèyàn máa ń dúró dìgbà tí omi bá gbá ẹ̀fọ́ wọn kí wọ́n tó máa wá ọkọ́.

Láti àárín oṣù kẹta, bí ẹ bá ṣe ń fa ẹ̀fọ́ bẹ́ẹ̀dì kan tán, ẹ tún un kọ kó ga sókè ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30. Ẹ má jẹ́ kó fẹ̀ ju ibi tí ọwọ́ yín lè dé láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láìtẹ ilẹ̀ rẹ̀. Ojú àgbàrá tó wà láàárín bẹ́ẹ̀dì, ẹ má là á kó dojú kọ ìsàlẹ̀ taara, ńṣe lẹ máa rí i tí omi á sọ ọ́ di kòtò, á sì kó gbogbo ilẹ̀ ọlọ́ràá yín bọ́ sínú Ọ̀ṣun. Ẹ jẹ́ kó dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kó máa rọra ṣàn.

Ẹ̀rọ ìfami ńkọ́? Ó di ìparí oṣù kẹrin kí ẹ tó gbé e kúrò lóko. Mo sọ tèmi tán níbẹ̀rẹ̀.

Ti ajílẹ̀ gba àlàyé díẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó láti inú ilé adìẹ máa ń gbóná nígbà tí òjò bá kọ́kọ́ kàn án, ó sì máa ń jó gbòǹgbò ọmọ ẹ̀fọ́. Ẹ kó o jọ láti oṣù kìíní, ẹ bò ó, ẹ máa yí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó jẹrà dáadáa. Tí ẹ bá ti ọwọ́ bọ àárín òkìtì náà tí kò gbóná mọ́, tí òórùn rẹ̀ sì ti dà bíi ti ilẹ̀ igbó, ó ti tó lò.

Ohun kan wà tí àwọn àgbà mọ̀ láìka ìwé. Ilẹ̀ tó ti gbẹ fún oṣù mẹ́rin, tí òjò bá kàn án, àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín inú rẹ̀ á jí gìrì, wọ́n á máa jẹ ewé àti gbòǹgbò tó ti kú, oúnjẹ tó wà nínú wọn á sì tú sílẹ̀ fún irúgbìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí ohun tó bá bá àkọ́rọ̀ wọlé fi máa ń dúdú mìnìjọ̀. Oúnjẹ yẹn kì í pẹ́, òjò tó lágbára á fọ̀ ọ́ lọ sísàlẹ̀ níbi tí gbòǹgbò ẹ̀fọ́ ò dé. Nítorí náà, ẹ má da ajílẹ̀ oníkẹ́míkà bíi NPK tàbí yúríà sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí òjò ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀bùn ọ̀fẹ́ wà nílẹ̀. Ẹ dúró tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, kí ẹ wá fún ẹ̀fọ́ ní díẹ̀díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́.

Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ń fa èèyàn síhìn-ín sọ́hùn-ún: òjò àkọ́kọ́ ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, òun náà ló sì ní oúnjẹ jù. Ìdáhùn tèmi ni pé ohun tí owó rẹ̀ kéré ni kí ẹ fi ta tẹ́tẹ́ náà. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ ìwọ̀nba, tó bá kú, ẹ tún òmíràn fọ́n. Ọmọ ata tí ẹ ti tọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ jẹ́ kó wà níbi tó wà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: tẹ̀tẹ̀, ewédú, ṣọkọ, ilá

Ẹ pín bẹ́ẹ̀dì yín sí mẹ́ta. Ẹ fọ́n tẹ̀tẹ̀ sí ìdá kan nígbà tí agolo bá kọ́kọ́ fi mìlímítà 20 hàn. Ẹ fọ́n ìdá kejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìkẹta lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn. Tẹ̀tẹ̀ á hù láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, á sì tó fà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Tí òjò bá dá lẹ́yìn àkọ́kọ́, ìdá kan péré lẹ máa bomi rin.

Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kéré bí ẹ̀tù, òjò oṣù kẹta sì lágbára, ìkán rẹ̀ tóbi. Ìkán kan lè ta irúgbìn méjì sí mẹ́ta kúrò nílẹ̀. Ẹ po irúgbìn ìwọ̀n kan mọ́ iyanrìn gbígbẹ ìwọ̀n mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ là á sí ìlà tí kò jìn, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ pa á mọ́. Ẹ wá fi imọ̀ ọ̀pẹ bo bẹ́ẹ̀dì náà. Láti ọjọ́ kẹta, ẹ máa gbé etí imọ̀ náà sókè láàárọ̀ kí ẹ yọjú wo abẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá ti rí orí pupa kéékèèké tó ń tẹ̀ yọ nínú yẹ̀pẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ ká imọ̀ kúrò. Ẹ má ká a lọ́sàn-án, oòrùn á pa wọ́n bí ọmọ tí wọ́n já lójú oorun. Ẹ má sì jẹ́ kó di ọ̀túnla, wọ́n á ti yọ ọrùn gígùn funfun, wọn ò ní lè dá dúró mọ́.

Ewédú ní àlékún iṣẹ́. Èèpo irúgbìn rẹ̀ le, omi kì í tètè wọ inú rẹ̀, ẹ lè fọ́n ọgọ́rùn-ún kí ẹ rí ogún. Ẹ dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ se omi kó hó, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ ri aṣọ náà bọ inú rẹ̀, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta dé ẹ̀wá, ẹ yọ ọ́ kíá sínú omi tútù. Ẹ sá a sí ibòji títí á fi gbẹ kó tó ṣeé fọ́n. Ẹ má kà kọjá ẹ̀wá. Ẹni tó bá kà dé ogún ti ń se ọbẹ̀ irúgbìn.

Ṣọkọ ò ní wàhálà púpọ̀, àyàfi pé ó máa ń pẹ́ ju tẹ̀tẹ̀ lọ. Ilá lẹ lè fi dúró de òjò kejì: ẹ rẹ irúgbìn sómi mọ́jú, ẹ gbin méjì méjì sí ihò kan, ìlà sí ìlà sẹ̀ǹtímítà 60, ihò sí ihò 30. Ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í ká a ní nǹkan bí ọjọ́ 50. NIHORT, ilé ìwádìí ẹ̀fọ́ àti èso tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975 ní Ìdí-Ìṣin n'Íbàdàn, ló ṣe irú ilá kan tí wọ́n ń pè ní NHAe 47-4. Ẹ béèrè rẹ̀ lórúkọ. Mo ti ra "ilá ìgbàlódé" nínú ọ̀rá tí kò ní orúkọ rí, ó ga jù mí lọ, ó so mẹ́rin.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ata àti tòmátò

Ata rodo gbọ́dọ̀ lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà ní nọ́sìrì. Tí ẹ bá fọ́n ọn ní àárín oṣù kẹta, á ṣeé ṣí lọ sóko ní ìparí oṣù kẹrin, nígbà tí òjò ti ń fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àrùn tó ń pa á ní nọ́sìrì rọrùn mọ̀: ìdí ọmọ ata á rọ̀, á tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn ìránṣọ, á sì ṣubú lulẹ̀ nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì tútù. Omi àpọ̀jù àti fífọ́n tó pọ̀ jù ló ń fà á. Ẹ fọ́n ọn kó jìnnà síra, ẹ máa bomi rin ín láàárọ̀ dípò alẹ́, ẹ sì gbé ibòji tó wà lórí nọ́sìrì ga kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Lórí tòmátò, èrò tèmi le díẹ̀. Ẹni tí kò bá ní igi tó máa fi gbé e ró, koríko gbígbẹ tó pọ̀, àti àyè láti lọ sóko lójoojúmọ́, kó má gbin tòmátò sí Òṣogbo láàárín oṣù kẹrin sí oṣù keje. Ohun mẹ́rin ló ń bá a jà lẹ́ẹ̀kan náà. Àkọ́kọ́ ni ooru òru. Tí òru ò bá tutù, òdòdó tòmátò á kàn já bọ́ láìso. Ìkejì, àrùn ìrọ tó wà nínú ilẹ̀: igi á rọ lọ́sàn-án kan, á dìde lálẹ́, lọ́jọ́ kẹta ó ti kú pẹ̀lú ewé tútù lára. Tí ẹ bá rí irú ẹ̀, ẹ hú u tòun ti gbòǹgbò, ẹ gbé e kúrò lóko, ẹ má sì gbin tòmátò, ata tàbí ìgbá sójú ibẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan. Ìkẹta, yẹ̀pẹ̀ tí òjò ń ta sára ewé ìsàlẹ̀, tó ń gbé àrùn ewé wá.

Ìkẹrin ló ń dunni jù, torí ìgbà tí owó ti fẹ́ wọlé ló máa ń dé. Ẹ ní tòmátò tó ti dàgbà, tó ti ń yí padà láti àwọ̀ ewé sí funfun. Ó ti fara da oòrùn ọ̀sẹ̀ méjì, awọ rẹ̀ ti le. Òjò ńlá rọ̀ mọ́jú. Gbòǹgbò fa omi bí ẹni tó jáde nínú ààwẹ̀, inú èso wú, awọ ò lè gbòòrò. Nígbà tí ẹ bá dé oko láàárọ̀, ẹ máa rí i tó ti là yí ìdí ẹ̀ka rẹ̀ ká, omi ara rẹ̀ ń jáde, eṣinṣin ti wà níbẹ̀. Kò sí oníbàárà tó máa ra a. Oògùn rẹ̀ méjì: ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ kanrin kí òjò tó dé, ẹ máa bomi rin ín déédéé, kí ẹ fi koríko bo ìdí rẹ̀. Tí ojú ọ̀run bá sì ṣú lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, gbogbo èyí tó ti ń fi àwọ̀ pupa díẹ̀ hàn nídìí, ẹ já a lọ sílé. Á pọ́n lórí ẹní.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìjì

Ìjì oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún sábà máa ń ti ìhà ìlà-oòrùn dé. Ẹ máa rí i tí ìkúùkù dúdú kan á nà gbọọrọ bí ògiri, afẹ́fẹ́ tútù á kọ́kọ́ fẹ́, eruku á sọ, kí òjò tó bẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ yẹn ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ń ṣubú jù, èyí tó ti yọ ọmọ ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ, torí orí rẹ̀ ti wúwo.

Ẹ gé ọparun méjì tó ga tó ibi tí ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti tẹ̀. Ẹ fi okùn dè wọ́n pọ̀ nítòsí orí wọn, ẹ la ẹsẹ̀ wọn bí àlùmọ́gàjí, kí ọrùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ jókòó sínú ìpàdé wọn. Ẹ gbé ẹsẹ̀ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn, torí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ máa tì í sí, àfi tí ìtì náà bá tẹ̀ sí ibòmíràn. Nígbà náà, abẹ́ ìtì ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ ṣe é ní oṣù kejì. Ẹni tó ń wá ọparun nígbà tí eruku ti ń sọ, ohun tí òun àti ìdílé rẹ̀ máa jẹ ní dòdò lọ́sẹ̀ yẹn ló ń wá.

Ìbẹ́pẹ ò bẹ̀rù afẹ́fẹ́ tó bó ṣe bẹ̀rù omi ìdí. Tí omi bá dúró yí i ká fún ọjọ́ méjì, gbòǹgbò rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rà, ewé rẹ̀ á pọ́n, á sì lọ. Ẹ mọ òkìtì kí ẹ tó gbìn ín, ẹ má sì jẹ́ kó wà ní àkùrọ̀ rárá.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: máńgòrò, ọsàn, àti igi tuntun

Máńgòrò máa ń yọ òdòdó nígbà ọyẹ́, èso rẹ̀ á wá pọ́n bọ́ sínú àkọ́rọ̀ òjò, ìyẹn gan-an ni wàhálà rẹ̀. Òjò tó bá kan òdòdó tàbí ọmọ èso máa ń gbé àrùn dúdú wá, àwọn ojú dúdú tó máa ń fẹ̀ lára èso tó bá pọ́n. Bí òjò bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni eṣinṣin èso ń pọ̀ sí i. Ó máa ń gún awọ máńgòrò, á yé ẹyin sínú rẹ̀, ẹyin á di ìdin, ìdin á bọ́ sínú ilẹ̀, á sì jáde ní eṣinṣin mìíràn.

Nítorí náà, èso tó já sílẹ̀ lọ̀tá yín. Ẹ má jẹ́ kó sun ìdí igi. Ẹ máa ṣa á ní ọjọ́ méjì méjì, ẹ kó o sínú ọ̀rá dúdú, ẹ so ẹnu rẹ̀ pinpin, ẹ gbé e sójú oòrùn fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ooru á pa ìdin inú rẹ̀. Àwọn kan máa ń rì í mọ́lẹ̀. Ìyẹn náà dáa tí ihò náà bá jìn tó ìdajì mítà, èyí tí kò bá jìn, ńṣe lẹ sin wọ́n síbi tí wọ́n ti fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀. Ẹ sì máa ká máńgòrò nígbà tó bá ti gbó, kó pọ́n nílé.

Ọsàn ní tiẹ̀ máa ń yọ òdòdó nígbà tí òjò bá kàn án lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ìlú. Tí òjò bá dá lójijì lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀pọ̀ ọmọ èso á já. Igi tí ẹ bá bomi rin ní ọ̀sẹ̀ ọ̀dá yẹn, kódà garawa mẹ́rin lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta, òun lẹ máa rí èso lórí rẹ̀ ní òpin ọdún. Ẹ má fín oògùn kòkòrò láàárọ̀ nígbà tí òdòdó bá wà lórí igi, oyin wà níbi iṣẹ́.

Igi tuntun? Ẹ gbẹ́ ihò rẹ̀ ní oṣù kẹta, ìdajì mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ níbùú, lóròó, nísàlẹ̀, ẹ da ilẹ̀ òkè àti ajílẹ̀ tó ti jẹrà padà sínú rẹ̀. Ó di àárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹfà kí ẹ tó gbìn. Ọsàn kó fi mítà 7 jìnnà síra, máńgòrò 10. Gbogbo èèyàn ló máa ń rò pé wọ́n jìnnà jù lọ́dún àkọ́kọ́.

Ìgbésẹ̀ keje: kòkòrò

Tata aláràbarà, èyí tó ní àwọ̀ yẹ́lò àti dúdú tó ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀fọ́ lẹ́ẹ̀rùn, máa ń kó ara wọn jọ síbi kan náà ní ìgbà àkọ́rọ̀ láti yé ẹyin sínú ilẹ̀ tó rọ̀, lábẹ́ igbó tó ní ibòji. Tí ẹ bá rí i tí wọ́n pọ̀ jọ rẹpẹtẹ lójú kan tí wọn ò jẹun, ẹ sàmì síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ti lọ, ẹ fi ọkọ́ tú ilẹ̀ ibẹ̀ jáde. Ẹ máa rí i bí àpò kéékèèké bíi fóòmù. Oòrùn àti adìẹ á bá yín parí ìyókù. Ìṣẹ́jú ogún lónìí ń gba ẹ̀fọ́ oṣù kejìlá là.

Nígbà tí òjò bá ti pọ̀, tẹ̀tẹ̀ tó wà ní dídí máa ń jẹrà láti orí, á tutù, á sì hu irun dúdú kéékèèké. Kò sí oògùn tí mo mọ̀ tó dà bíi kí ẹ tètè fa díẹ̀ kúrò láàárín rẹ̀ kó má dí mọ́, kí ẹ sì fa ìyókù kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ọjà, àti ìgbà tó yẹ kí ẹ kúrò ní àkùrọ̀

Alárọ́bọ̀ tó ń wá ra ẹ̀fọ́ ní bẹ́ẹ̀dì bẹ́ẹ̀dì fún Ọjà Ìgbọ̀nà tàbí Ọjà Ọba mọ òjò ju wa lọ. Ní oṣù kẹta, á bá yín dé oko láàárọ̀ kùtù, á bẹ̀ yín. Ní àárín oṣù karùn-ún, gbogbo ẹni tó ní ilẹ̀ lẹ́yìn ilé ti gbin ẹ̀fọ́, gbúre ń hù lójú títì, ẹ̀yin lẹ máa máa pè é tí kò ní gbé fóònù. Ẹ ka ọjọ́ padà láti ibẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ tó máa bá owó pàdé gbọ́dọ̀ ti kúrò nílẹ̀ kí oṣù kẹrin tó parí, ìyẹn ni pé fífọ́n rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ìparí oṣù kẹta. Bẹ́ẹ̀dì tẹ̀tẹ̀ tí ẹ bá fọ́n lẹ́yìn náà, oúnjẹ ilé ni. Ata rodo àti ilá ló yẹ kó gba ipò rẹ̀, torí wọn ò tíì pọ̀ lọ́jà nígbà yẹn.

Odò Ọ̀ṣun kì í tètè kún. Ó di oṣù keje lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bínú, ṣùgbọ́n omi inú ilẹ̀ àkùrọ̀ ti máa ń gòkè láti oṣù kẹfà, gbòǹgbò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà kí ojú tó rí nǹkan kan. Mo máa ń kó ẹrù mi kúrò nísàlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù kẹfà. Igi kan wà létí oko mi tí mo ń fi ọ̀dà sàmì sí lọ́dọọdún níbi tí omi bá dé. Àmì mẹ́rin ló wà lára rẹ̀ báyìí, èyí tó ga jù tó mi ní ìbàdí. Òkè ibẹ̀ ni mo gbin ilá ọdún yìí sí.